Daniel Gabriel Fahrenheit: Ẹni tí ó Fún Ìgbóná ní Òṣùwọ̀n

Bí ọmọ bá ń sunkún lóru, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò mọ̀ bóyá ibà ti wọlé tàbí ebi lásán ni. Kò sí ẹni tí ó lè pe ọwọ́ ìyá ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè pé báwo ni ìgbóná náà ti pọ̀ tó, tàbí pé ǹjẹ́ ó ju ti àná lọ, ọ̀rọ̀ di iyàn. Bí ìyá náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ààrò dìde, ara ọmọ lè dà bí ẹni pé ó tutù. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ nínú omi tútù tán, ara ọmọ kan náà lè máa jó o lọ́wọ́ bí iná. Ọwọ́ a máa mọ ìgbóná, ṣùgbọ́n kò lè kà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn ọkùnrin kan tí ó wá ọ̀nà tí a ó fi lè ka ìgbóná ni mo fẹ́ sọ fún yín. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì. Kí orílẹ̀-èdè wa tó bọ́ sí òṣùwọ̀n mítà ní àwọn ọdún 1970, orúkọ rẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wa fi ń ka ibà. Àwọn òbí wa mìíràn kò tí ì gbàgbé nọ́ńbà náà, 98.6. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé ọmọ òrukàn ni ẹni tí ó ni orúkọ náà, pé àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n mú un bí ọ̀daràn, pé kò gba oyè yunifásítì kankan, àti pé bí aláìní ni wọ́n sin ín.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ 24 oṣù kárùn-ún ọdún 1686 ni a bí Daniel Gabriel Fahrenheit ní ìlú Danzig, ìlú èbúté kan létí òkun Baltic. Ní ayé ìgbà náà, abẹ́ ọba Póláǹdì ni ìlú náà wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Jámánì ni púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú ń sọ. Gdańsk ni a ń pè é lónìí. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, ìdílé oníṣòwò ni ìyá rẹ̀ náà sì ti wá. Daniel ni àgbà nínú àwọn ọmọ márùn-ún tí ó yè. Kò sí ohun tí ó wọ́n wọn nínú ilé náà, àwọn òbí rẹ̀ sì lérò pé ọmọ àwọn yóò kàwé dójú àmì.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ń pète, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọjọ́ ń mú bọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1701, bàbá àti ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ kan náà. Olú ni wọ́n jẹ, olú náà sì ní májèlé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Daniel nígbà náà. Àwọn alágbàtọ́ tí wọ́n yàn fún àwọn ọmọ náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Amsterdam ní ilẹ̀ Họ́lándì, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ òwò àti ìṣirò owó lọ́dọ̀ oníṣòwò kan, kí ó lè wá dúró sí ipò bàbá rẹ̀.

Amsterdam nígbà náà jẹ́ ìlú tí ohun gbogbo ń wọ̀ tí ohun gbogbo sì ń jáde. Yàtọ̀ sí àwọn olówò, àwọn tí ń fẹ́ gíláàsì, àwọn tí ń ṣe awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, àti àwọn tí ń ṣe ohun èlò tí a fi ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ọkàn ọmọ náà fà sí. Ó ṣe nǹkan bí ọdún mẹ́rin nídìí ìwé owó, lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yá owó, ó fi ogún rẹ̀ tí kò tí ì bọ́ sí i lọ́wọ́ ṣe ìdúró, ó sì ń ná owó náà lórí gíláàsì àti ìdánwò.

A kò lè dá àwọn alágbàtọ́ náà lẹ́bi pátápátá. Owó ọmọ márùn-ún ni ó wà lọ́wọ́ wọn, àkọ́bí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe le. Ní ọdún 1707, wọ́n fi àṣẹ ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú un, kí wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ òwò àwọn ará Họ́lándì tí ń lọ sí àwọn erékùṣù Ìlà-Oòrùn jíjìnnà. Àwọn tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀ ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í padà. Daniel kò dúró de ọkọ̀. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni nígbà tí ó di alárìnkiri: Berlin, Halle, Leipzig, Dresden, títí dé Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì. Ibi tí oníṣẹ́ gíláàsì tàbí ọ̀mọ̀wé kan bá wà ni ó ń yà sí. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà, ó sì béèrè púpọ̀.

Bí Ọ̀rọ̀ Tẹmómítà Ti Rí Kí Ó Tó Dé

Kì í ṣe Fahrenheit ni ó kọ́kọ́ ṣe tẹmómítà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kedere. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Ítálì ti ń fi gíláàsì wo bí ìgbóná ṣe ń lọ sókè sódò. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dí. Nítorí náà, bí ìwúwo afẹ́fẹ́ ìta bá yí padà, omi inú rẹ̀ a gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbóná kò yí padà rárá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Florence fi ọtí líle sínú gíláàsì, tí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ pa. Ìyẹn sàn díẹ̀.

Ìṣòro tí ó kù ni ti òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá ti ra gààrí ní ọjà méjì mọ ohun tí mo ń wí. Kóńgò ni wọ́n ń lò níhìn-ín, kóńgò ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lu ìdí ọ̀kan wọnú, kóńgò mẹ́wàá ti ibẹ̀ kò lè tó mẹ́wàá ti ibí. Orúkọ wọn dọ́gba, inú wọn kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tẹmómítà rí. Olúkúlùkù oníṣẹ́ fa ilà sí ara tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ọ̀mọ̀wé kan lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ìgbóná ọjọ́ báyìí jẹ́ mẹ́rìnlá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kejì lè kọ ogójì, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí ó gbóná jù nínú ìlú méjèèjì. Nọ́ńbà pọ̀, ìmọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ole Rømer

Ní ọdún 1708, Fahrenheit dé ọ̀dọ̀ Ole Rømer ní Copenhagen. Ènìyàn ńlá ni Rømer. Òun ni ó ti fi hàn láti ọdún 1676, nípa wíwo àwọn òṣùpá tí ń yí Jupiter ká, pé ìmọ́lẹ̀ máa ń gba àkókò kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ní àkókò tí à ń wí yìí, ó ti wà nínú àwọn tí ń ṣe àkóso ìlú Copenhagen, síbẹ̀ kò fi ìwádìí sílẹ̀.

Òwúrọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá a nídìí iṣẹ́. Rømer kó tẹmómítà mélòó kan sínú omi tí ó ní yìnyín, ó sì sàmì sí ibi tí ọtí inú wọn dúró sí. Lẹ́yìn náà ó kó wọn sínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, ó tún sàmì. Ohun tí Fahrenheit rí kọ́ níbẹ̀ ni ó gbé ayé rẹ̀ ró: ilà ara gíláàsì kò ní láárí bí kò bá sí ohun méjì nínú ayé tí kì í yẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè rí níbikíbi, tí a ó so ilà náà mọ́. Bí yìnyín bá ń yọ́ nínú omi ní Copenhagen, ìtutù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tí ń yọ́ ní Danzig.

Lórí òṣùwọ̀n ti Rømer, yìnyín tí ń yọ́ wà ní 7½, ara ènìyàn wà ní 22½. Fahrenheit rí i pé ìdajì wọ̀nyí yóò máa yọ ènìyàn lẹ́nu. Ó fi mẹ́rin sọ wọ́n di púpọ̀, ó rí 30 àti 90. Nígbà tí ó yá, ó tún wọn ṣe di 32 àti 96. Ààrin wọn jẹ́ 64, èyí tí a lè pín sí méjì, kí a tún pín in sí méjì, títí ìgbà mẹ́fà, tí ilà kọ̀ọ̀kan yóò fi dúró déédéé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rò pé nọ́ńbà 32 yìí kò ní ìdí, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Tẹmómítà Méjì tí ó Fohùn Ṣọ̀kan

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ní ọdún 1710, òfin kà á sí àgbà. Ó padà sí Danzig, ó yanjú ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀, kò sì sí alágbàtọ́ tí ó tún lè dè é mọ́ ohunkóhun. Kàkà kí ó ṣí ilé ìtajà, ọ̀nà ni ó tún bọ́ sí.

Ní ọdún 1714, ó wà ní Halle ní ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Wolff ń kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀. Fahrenheit gbé tẹmómítà méjì kalẹ̀ fún un. Nínú yàrá kan náà, méjèèjì dúró sí ibì kan náà. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sí ibi tí ó tutù, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sún mọ́ ìgbóná, wọ́n jọ gòkè. Ẹnu ya Wolff. Kò tí ì rí irú rẹ̀ rí láyé, ó sì kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì ń kà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Lójú wa lónìí, kí tẹmómítà méjì bára mu kì í ṣe ohun ìyanu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Tẹmómítà kan ṣoṣo kò ju ẹlẹ́rìí kan lọ, a kò sì lè mọ̀ bóyá ó ń purọ́. Nígbà tí méjì bá sọ ohun kan náà láìjẹ́ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, a lè gbé ọ̀kan lọ sí ìlú òkèèrè, kí a fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé, kí a sì fi ọkàn balẹ̀ lórí ohun tí wọ́n bá wí.

Ní ìwọ̀n àkókò yìí náà ni ó fi ọtí sílẹ̀ tí ó gbá mẹ́kúrì mú, irin olómi tí ó ń yí bíríbírí. Ọtí líle a máa hó kí omi tó hó, nítorí náà kò lè wọn omi híhó. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀ kì í dì títí ìtutù yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì dígíríì sí ìsàlẹ̀ òdo, kì í sì í hó títí yóò fi ju omi híhó lọ ní ìlọ́po mẹ́ta lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdààmú rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí a máa mú un lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Fahrenheit wá ọ̀nà láti fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì kọ́ bí a ti ń fẹ́ ihò gíláàsì tí ó tín-ínrín tí ó sì dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọwọ́ ni ó fi ń ṣe é, ọgbọ́n ọwọ́ yìí ni ó sì fi ju ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Amsterdam

Láti ọdún 1717 ni ó ti fìdí múlẹ̀ ní Amsterdam, ìlú tí ó ti sá kúrò. Iṣẹ́ gíláàsì ni ó ń jẹ: tẹmómítà, ohun èlò ìwúwo afẹ́fẹ́, àti ohun èlò tí a fi ń mọ bí omi tàbí ọtí ti ki tó. Láti ọdún 1718, ó tún ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ kẹ́míkà nínú ìlú náà. Kò fẹ́ ìyàwó. Ìdánwò ni ó fi ṣe aya.

Ní ọdún 1724, ó lọ sí London, Ẹgbẹ́ Ọba ti àwọn onísáyẹ́ǹsì, èyí tí a ń pè ní Royal Society, sì gbà á wọlé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ òwò tí ó sá lọ ti di ẹlẹgbẹ́ Newton. Ó tẹ àpilẹ̀kọ márùn-ún jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ náà ní èdè Látìn. Nínú wọn ni ó ti ṣàlàyé ibi mẹ́ta tí ó so òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́: yìnyín, omi àti iyọ̀ tí a pò pọ̀ fún òdo, yìnyín àti omi láìsí iyọ̀ fún 32, ìgbóná ẹnu tàbí abíyá ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá fún 96. Ó tún fi hàn pé olúkúlùkù ohun olómi ní ibi tí tirẹ̀ ti ń hó: ọtí líle ní 176, omi òjò ní 212.

Ó ṣe àkíyèsí méjì mìíràn tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ibi tí omi ti ń hó kì í dúró lójú kan. Ó ń tẹ̀lé ìwúwo afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà. Ìkejì ni pé omi lè tutù kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dì, síbẹ̀ kí ó má dì. Ó fi omi òjò sínú gíláàsì, ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó dí i pa, ó sì gbé e síta nínú òtútù ńlá. Omi náà kò dì. Bí ó ti mì ín ni yìnyín gba inú rẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a dúró de omi kí ó dì kí a tó sàmì. Yìnyín tí ń yọ́ ni a gbọ́dọ̀ lò. Ẹni tí ó wá ohun tí kì í yẹ̀ rí i pé àwọn ohun náà ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Herman Boerhaave, oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Yúróòpù ìgbà náà, ẹni tí ń kọ́ni ní Leiden. Boerhaave gba tẹmómítà méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ọlọ́tí, èkejì onímẹ́kúrì. Ó rí i pé wọn kò bára mu tán ní gbogbo ibi. Fahrenheit sọ pé bóyá irú gíláàsì tí ó fi ṣe wọ́n ni kò dọ́gba. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí gíláàsì náà a máa wú bí ó bá gbóná. Ṣùgbọ́n òkodoro ọ̀rọ̀ ni pé ọtí àti mẹ́kúrì kì í wú ní ìwọ̀n kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bára mu ní ìpẹ̀kun méjèèjì, wọ́n lè yà ní àárín. A kò lè bi ìgbóná fúnra rẹ̀ léèrè. Ohun tí ó bá wú ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀.

Ikú Rẹ̀

Ní ọdún 1736, ó lọ sí ìlú The Hague láti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tí ó ṣe, èyí tí yóò máa fa omi kúrò lórí ilẹ̀ àwọn ará Họ́lándì tí omi ń bò. Àìsàn kì í mọ ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó kú níbẹ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún ni. Inú ìjọ Kloosterkerk ni wọ́n sin ín sí, irú ìsìnkú tí wọ́n sì ń ṣe fún ẹni tí kò ní lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe fún un. Ogún bàbá rẹ̀ ti tán sínú gíláàsì.

Lẹ́yìn Rẹ̀: Ìdí Ibùsùn Aláìsàn

Boerhaave ti kọ nípa tẹmómítà Fahrenheit nínú ìwé kẹ́míkà rẹ̀ tí ó jáde ní 1732, àwọn tí ó kọ́ sì gbé e lọ. Anton de Haen ni ó mú un dé ìdí ibùsùn aláìsàn ní Vienna. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà kò kọbi ara sí i títí ó fi kan Carl Wunderlich ní Leipzig. Ní ọdún 1868, Wunderlich tẹ ìwé kan jáde lórí ibà, èyí tí ó gbé karí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 25 aláìsàn àti ìwọ̀n tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Abíyá ni ó ti wọ̀n ọ̀pọ̀ jù lọ. Òun ni ó fi múlẹ̀ pé ibà kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, àmì àrùn ni, àti pé bí ìgbóná ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ lè fi irú àrùn hàn. Òun náà ni ó fi 37 lórí òṣùwọ̀n Anders Celsius, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Súwídìn tí ó gbé tirẹ̀ jáde ní 1742, ṣe ààlà fún ara tí ó dá.

Àwọn tí ó yí 37 padà sí ti Fahrenheit rí 98.6. Ẹ ó béèrè pé kí ni ó dé 96 tí Fahrenheit so òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́? Lẹ́yìn ikú rẹ̀, omi híhó ni àwọn ènìyàn gbà pé ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ju ara ènìyàn lọ. Ìgbìmọ̀ kan tí Royal Society yàn ṣe àlàyé ní 1777 bí a ó ti máa sàmì sí ibi tí omi ti ń hó. Nígbà tí a so òṣùwọ̀n náà mọ́ 32 àti 212, ara ènìyàn bọ́ sí ibòmíràn. Ara wa kò yí padà, ilà ni ó sún.

Ẹ kíyèsí ọgbọ́n ẹ̀tàn tí ó wà nínú 98.6. Ẹni tí ó bá wí pé 37 mọ̀ pé òun ń sọ nǹkan bí 37. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí 98.6 yóò rò pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, pé ẹni tí ó bá jẹ́ 98.9 ti ń ṣàìsàn. Ní ọdún 1992, àwọn oníwádìí ní Maryland ní Amẹ́ríkà wọn ara ènìyàn 148 tí ara wọn dá. Ìpíndọ́gba tí wọ́n rí jẹ́ 98.2, ìyẹn 36.8 ti Celsius. Ó kéré ní òwúrọ̀, ó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. A tún yẹ tẹmómítà kan tí Wunderlich lò wò, a rí i pé ó ń fi ohun tí ó ju dígíríì Celsius kan lọ kún un. Ní ọdún 2020, àwọn oníwádìí yunifásítì Stanford wo àkọsílẹ̀ ara àwọn ará Amẹ́ríkà láti ìgbà ogun abẹ́lé wọn. Wọ́n sọ pé ara àwọn ọkùnrin tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbóná ju ti àwọn ọkùnrin òde òní lọ ní 0.59 Celsius. Ṣé ara ènìyàn ni ó tutù ni, àbí tẹmómítà ni ó sàn sí i? Wọ́n rí i pé ìgbóná náà ń dín kù láàárín àwọn tí a wọ̀n ní àkókò kan náà pẹ̀lú irú tẹmómítà kan náà, bí ọdún ìbí wọn ti ń sún síwájú, èyí sì mú wọn gbà pé ara ni. Ẹ rí i pé ìbéèrè Wolff àti Boerhaave ni a ṣì ń béèrè.

Ẹ má jẹ́ kí a lọ jìnnà. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, tẹmómítà oníbọn ni wọ́n ń nà sí wa níwájú orí ní ẹnu ọ̀nà gbogbo. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán lè dà bí ẹni tí ibà mú. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ lè ka 33, nọ́ńbà tí ó bá jẹ́ ti inú ara ni, kì bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò purọ́. Awọ orí ni ó wọ̀n, àwa ni a pè é ní ara.

Lẹ́yìn Rẹ̀: Ìgbóná Ayé

Bí ara ẹnì kan bá ṣòro tó báyìí láti kà, báwo ni a ó ti ka ara ayé? Àkọsílẹ̀ ìgbóná tí ó pẹ́ jù lọ ni ti àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Gordon Manley ṣà jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 1659. Ti Uppsala ní Súwídìn bẹ̀rẹ̀ láti 1722. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ wọ́n sílẹ̀ kò ní òṣùwọ̀n kan náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé tẹmómítà sínú yàrá tí kò ní iná ààrò. Nígbà tí ó yá ni Thomas Stevenson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe àpótí pákó funfun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀, kí oòrùn má baà bá tẹmómítà tààrà. Lórí òkun, korobá ni àwọn atukọ̀ fi ń fa omi sókè wọ̀n. Afẹ́fẹ́ a sì mú omi náà tutù díẹ̀ kí wọ́n tó kà á. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọn omi tí ń wọ ẹ̀rọ ọkọ̀, òkun dà bí ẹni pé ó gbóná lójijì.

Àwọn kan a máa fi èyí wí pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọn kò rò ó dé ìdí. Bí tẹmómítà kan bá ń fi ìdajì dígíríì kún un lójoojúmọ́, irọ́ ni yóò pa nípa òní, ṣùgbọ́n òótọ́ ni yóò sọ nípa bí òní ti ju ọdún tí ó kọjá lọ, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀ tí a kò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń fi ibùdó kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀ láná, tí wọ́n sì ń fi í wé àwọn aládùúgbò rẹ̀ láti mọ ìgbà tí a ṣí i nípò tàbí tí ìlú kọ́lé yí i ká. Ní ọ̀nà yìí ni Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé fi lè sọ pé ọdún 2024 gbóná ju ìpíndọ́gba 1850 sí 1900 lọ ní nǹkan bí 1.55 Celsius. Ẹlẹ́rìí púpọ̀ ni a bi, a mọ àbùkù olúkúlùkù, ẹjọ́ wọn sì bára mu.

Ìparí

Ayé ti yí padà lórí Fahrenheit. Orílẹ̀-èdè tí ó pọ̀ jù ti fi òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún ti Celsius. Amẹ́ríkà ni orílẹ̀-èdè ńlá tí ó ṣì dì í mú. Mẹ́kúrì tí ó fọ̀ mọ́ náà, májèlé ni, àdéhùn Minamata tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013 sì ti fi ọdún 2020 ṣe òpin ṣíṣe tẹmómítà onímẹ́kúrì. Ilà rẹ̀ ń lọ, mẹ́kúrì rẹ̀ ń lọ. Ohun tí kò lọ ni ohun tí ó gbé lọ sí ọ̀dọ̀ Wolff ní Halle: kí ẹnì kan má gbé nọ́ńbà kalẹ̀ láìsọ ohun tí ó so ó mọ́, àti láìsí ẹlòmíràn tí ó lè wọ̀n ọ́n wò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ń ṣe ìwádìí fún oyè, tí a ń to nọ́ńbà jọ sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ òrukàn Danzig yìí ṣe àwòkọ́ṣe. Bí a bá kọ 37 tàbí 1.55, kí a mọ ibi tí a ti wọ̀n ọ́n, ohun tí a fi wọ̀n ọ́n, àti wákàtí tí a wọ̀n ọ́n. Bí tẹmómítà wa méjì kò bá bára mu, kí a má ju ọ̀kan sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Kí a béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá tí ó gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn lóru ti mọ̀ pé ara ọmọ òun gbóná. Nǹkan tí ó kù tí ó ń retí lọ́dọ̀ wa ni nọ́ńbà tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé.